Ọ̀nà kan ò wọ ọjà: Ẹ̀kọ́ tí oníṣòwò kékeré lè rí kọ́ lára Jeff Dean

Ọ̀pọ̀ òwò kékeré tó ń kú lójijì, kì í ṣe àìrí oníbàárà ló ń pa á. Nǹkan kan ṣoṣo ló máa ń bàjẹ́, gbogbo ọjà á sì dúró. Jẹnẹrétọ̀ kan ló jóná, ni ẹja tó kún inú fírísà bá jẹrà. Ọmọ iṣẹ́ kan tó mọ gbogbo kọ́sítọ́mà ló bínú lọ, ni àwọn kọ́sítọ́mà bá tẹ̀ lé e. Ìwé gbèsè kan ṣoṣo tó wà nílẹ̀ ni òjò pa, kò sì sẹ́ni tó rántí iye tí oníkálukú jẹ mọ́. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ni àìsàn dá gúnlẹ̀ fún oṣù kan, nígbà tí yóò fi dìde, aláǹtakùn ti ta sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Àwọn àgbà tó sọ pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà kò parọ́, àmọ́ ọ̀nà kan ṣoṣo náà ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò ṣì ń tọ̀, tí wọ́n á máa gbàdúrà kí igi má wó dí i.

Ọkùnrin kan wà nílẹ̀ Amẹ́ríkà tó yẹ kí irú àwọn oníṣòwò bẹ́ẹ̀ gbọ́ ìtàn rẹ̀. Jeff Dean lorúkọ rẹ̀, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe, kì í sì í ṣe ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lẹ́nu àwọn ará ọjà. Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ti wá nǹkan lórí Google rí ti jẹ nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ láìmọ̀. Òun àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ló kọ àwọn ètò tó sọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà di bí ẹni pé ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n. Ohun tó jẹ́ kí iṣẹ́ náà dúró ni pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti gbà pé gbogbo ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò ló máa bàjẹ́ lọ́jọ́ kan, wọ́n sì ṣètò kí ọjà máa lọ lọ́jọ́ tó bá bàjẹ́. Ọgbọ́n yẹn wúlò fún alájàpá àti télọ̀ ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ.

Hawaii ni wọ́n ti bí Dean lọ́dún 1968. Bàbá rẹ̀ ń ṣèwádìí àrùn ilẹ̀ olóoru, ìyá rẹ̀ sì ń ṣèwádìí lórí bí àṣà àwọn èèyàn ṣe kan ìlera wọn, ìdí nìyẹn tí ìdílé náà kì í fi í pẹ́ níbì kan. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 13, ó bá àwọn òbí rẹ̀ lọ sí àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Somalia. Ìdí kọ̀ǹpútà tí òun àti bàbá rẹ̀ jọ ń lò nílé ló ti kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ náà, kó sì tó jáde ilé ẹ̀kọ́ girama ló ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Epi Info, èyí táwọn oníṣẹ́ ìlera fi ń kó àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn jọ, tí wọ́n sì fi ń ṣírò bí àrùn ṣe ń ràn. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń pín in, ó sì dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè.

Ọdún 1990 ló gboyè ní Yunifásítì Minnesota, níbi tó ti kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ ìmọ̀ ọrọ̀ ajé. Lẹ́yìn náà ló ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, tó ń kọ ètò tí wọ́n fi ń ṣírò bí àrùn éèdì yóò ṣe tàn ká. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Washington lọ́dún 1996, ibẹ̀ ló sì gbà lọ sí ilé ìwádìí tí iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà Digital dá sílẹ̀ ní Palo Alto, ní California. Láàárín ọdún 1999 ló kó lọ sí Google.

Google tó lọ bá nígbà náà kò tíì pé ọdún kan. Oṣù kẹsàn-án ọdún 1998 ni Larry Page àti Sergey Brin fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá ìgbà náà máa ń ra ẹ̀rọ olówó gọbọi tí wọ́n ṣe kó má tètè bàjẹ́. Google ò gba ọ̀nà ibẹ̀. Ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà pọ́ọ́kú, irú èyí táwọn èèyàn ń lò nílé, ni wọ́n ń rà, tí wọ́n sì ń tò fúnra wọn. Nínú èyí tí wọ́n tò lọ́dún 1999, kọ̀ǹpútà mẹ́rin ló wà lórí àwo kọ̀ọ̀kan láìní páálí tàbí irin tó bò wọ́n, kọ́ọ̀kì, bí irú èyí tí wọ́n fi ń dé ìgò, ni wọ́n sì tẹ́ sábẹ́ wọn kí iná má baà gba ibi tí kò yẹ. Wọ́n ti kó lára rẹ̀ lọ sí mùsíọ́ọ̀mù báyìí. Ẹni tó bá rí i níbẹ̀ yóò rò pé iṣẹ́ ọmọ iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ni.

Ẹ̀rọ pọ́ọ́kú ní wàhálà tirẹ̀. Ká ní kọ̀ǹpútà kan lè lo ẹgbẹ̀rún ọjọ́, ìyẹn bí ọdún mẹ́ta, kó tó kú. Ẹni tó ní ẹyọ kan kò ní í ronú nípa ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ní ẹgbẹ̀rún kan, kò ní í sí ọjọ́ kan tí ọ̀kan ò ní í kú lọ́wọ́ rẹ̀. Bí òwò bá ṣe ń tóbi sí i ni ìbàjẹ́ yóò ṣe máa di nǹkan ojoojúmọ́. Bákan náà ló rí fún ìyá tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò ọbẹ̀ kan tó wá di ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ mẹ́rin. Kò sí òwúrọ̀ tí nǹkan kan ò ní í ṣẹlẹ̀ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ní oṣù kẹta ọdún 2000, ọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ da ilé rú. Iṣẹ́ Google ni láti lọ káàkiri íntánẹ́ẹ̀tì, kó ka àwọn ojú ìwé tó wà níbẹ̀, kó sì ṣe àkójọ wọn, bí ìgbà téèyàn kọ orúkọ gbogbo ọjà tó wà nílùú àti ìsọ̀ tí wọ́n ti ń tà á sínú ìwé kan. Ètò tó ń ṣe àkójọ yìí dáwọ́ dúró. Àwọn èèyàn ṣì ń béèrè nǹkan, wọ́n sì ń rí èsì, àmọ́ èsì oṣù márùn-ún sẹ́yìn ni wọ́n ń rí. Àsìkò yẹn gan-an sì ni wọ́n ń bá Yahoo, tó jẹ́ òmìrán lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà náà, dúnàádúrà kó lè máa lo Google fún àwọn oníbàárà tirẹ̀. Ọjà tó lè gbé wọn dókè ló fẹ́ bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Àwọn òṣìṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ jù lọ kó ara wọn jọ sínú yàrá kan. Dean wà níbẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Sanjay Ghemawat náà sì wà níbẹ̀. Amẹ́ríkà ni wọ́n bí Ghemawat sí, ìlú Kota ní Íńdíà ló dàgbà sí, iléeṣẹ́ Digital yẹn náà ló sì ti ń ṣiṣẹ́ kó tó tẹ̀ lé Dean dé Google lápá ìparí ọdún 1999. Fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni wọ́n fi ń wá àṣìṣe nínú ètò tí wọ́n kọ, wọn ò rí i. Ìgbà tí àwọn méjèèjì wá ya nǹkan tó wà nínú ẹ̀rọ sí wẹ́wẹ́, tí wọ́n ń wò ó ní òdo àti oókan tó ti wá, ni àṣírí tú. Kò sí ohun tó ṣe ètò wọn ní ti èyí. Àwọn ẹ̀rọ pọ́ọ́kú náà ló ń parọ́. Wọ́n á kọ òdo sínú wọn, oókan ni wọ́n á dá padà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé yìí ló ti yẹ kí oníṣòwò fetí sílẹ̀ dáadáa. Ẹlòmíràn ì bá ní kí wọ́n kó gbogbo ẹ̀rọ pọ́ọ́kú yẹn dànù, kí wọ́n yáwó ra èyí tó dára. Dean àti Ghemawat fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n kọ ètò tó ń yẹ iṣẹ́ àwọn ẹ̀rọ náà wò, tó ń mọ̀ tí ọ̀kan bá parọ́, tó sì ń bá iṣẹ́ lọ láìka ìyẹn sí. Àkójọ tuntun jáde. Nígbà tó fi di ọjọ́ 26, oṣù kẹfà ọdún 2000, Google kéde pé àkójọ òun ti kan ojú ìwé bílíọ̀nù kan, ọjọ́ yẹn náà ni àdéhùn pẹ̀lú Yahoo jáde síta.

Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọgbọ́n yẹn di òfin ilé. Lọ́dún 2003, Ghemawat pẹ̀lú Howard Gobioff àti Shun-Tak Leung gbé ìwé kan jáde nípa ọ̀nà tí Google ń gbà tọ́jú ẹrù rẹ̀. Bó ṣe rí rèé ní ṣókí. Wọ́n á gé gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ fi pamọ́ sí wẹ́wẹ́, wọ́n á ṣe ẹ̀dà mẹ́ta nínú ègé kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì kó ẹ̀dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí kọ̀ǹpútà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Wọn kì í kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí orí pẹpẹ kan náà, nítorí tí iná pẹpẹ yẹn bá lọ, gbogbo rẹ̀ ló bá a lọ. Tí kọ̀ǹpútà kan bá kú, ètò náà fúnra rẹ̀ á lọ bá ẹ̀dà tó kù, á sì ṣe òmíràn kó lè pé mẹ́ta padà. Ègé kọ̀ọ̀kan tún ní àmì ìṣírò tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ẹnì kan tàbí nǹkan kan ti fọwọ́ kàn án.

Ọ̀gá kan wà láàárín wọn. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló mọ ibi tí gbogbo ẹrù wà. Àmọ́ ọ̀gá yìí kì í gbé ẹrù. Ẹni tó bá wá béèrè nǹkan, ibi tó wà ni ọ̀gá á júwe fún un, onítọ̀hún á sì lọ gbà á fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ọwọ́ ọ̀gá ni gbogbo ẹrù ń gbà kọjá, ọ̀gá á di gọ́gọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Wọ́n sì tún ń kọ ohun gbogbo tí ọ̀gá bá ṣe sórí àwọn ẹ̀rọ míì, kí ẹlòmíràn lè dìde sí ipò rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá ṣubú. Mélòó nínú àwọn oníṣòwò ló ti ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀ fún ara wọn?

Ọdún tó tẹ̀ lé e, ìyẹn 2004, ni Dean àti Ghemawat gbé èyí tó lókìkí jù jáde, MapReduce. Ẹni tí kò mọ kọ̀ǹpútà náà lè lóye rẹ̀. Ká ní ìyálọ́jà kan fẹ́ mọ iye àpò gàárì, iye àpò ẹ̀wà àti iye kẹ́ẹ̀gì epo tó wà nínú ọjà ńlá kan lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Tó bá ní kí òun nìkan kà á, ọjà á tú kó tó parí. Àmọ́ ó lè rán ọgọ́rùn-ún ọmọ, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ka ìsọ̀ ìlà tirẹ̀, kí wọ́n kọ iye gàárì sínú ìwé kan, iye ẹ̀wà sínú òmíràn, iye epo sínú òmíràn. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan á gba gbogbo ìwé gàárì, á ro ó pọ̀, ẹlòmíràn á gba ti ẹ̀wà, ẹlòmíràn ti epo. Àbọ̀ ti dé ọwọ́ ìyálọ́jà kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná.

Pínpín iṣẹ́ yẹn kò le, àwọn èèyàn ti ń ṣe é látọjọ́ tó ti pẹ́. Ibi tí ọgbọ́n Dean àti Ghemawat ti jáde ni ohun tí ìyálọ́jà máa ṣe tí ọmọ kan bá dákú lẹ́nu iṣẹ́, tàbí tó dúró ń ṣeré pẹ̀lú ọ̀rẹ́. Ìdáhùn wọn ni pé tí ẹnì kan bá dákú, kí wọ́n kó ìlà rẹ̀ fún ẹlòmíràn kíá. Tó bá sì ku díẹ̀ kí iṣẹ́ parí, tí àwọn kan ń fà lẹ́yìn, kí wọ́n rán ẹlòmíràn lọ sí ìlà kan náà, èyí tó bá kọ́kọ́ dé nínú àwọn méjèèjì ni kí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyálọ́jà ò ní í bá ẹnikẹ́ni jà, iṣẹ́ ò sì ní í dúró.

Wọ́n dán an wò, wọ́n sì kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà bí 1,800 ni wọ́n lò, wọ́n ní kí wọ́n to àkọsílẹ̀ bílíọ̀nù 10 tẹ̀ léra wọn. Ìṣẹ́jú àáyá 891 ni wọ́n fi parí ẹ̀, kò pé ìṣẹ́jú 15. Wọ́n tún un ṣe láìrán ẹnikẹ́ni lọ ran àwọn tó ń fà lẹ́yìn lọ́wọ́, ó di 1,283, ìyẹn ni pé àwọn díẹ̀ tó ń fà sẹ́yìn ló sọ iṣẹ́ náà di èyí tó gùn ní ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá ṣe nǹkan tó yani lẹ́nu. Nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ pa 200 nínú 1,746 àwọn tó ń ṣiṣẹ́ náà. Iṣẹ́ ò dúró. Ìṣẹ́jú àáyá 933 ni wọ́n fi parí rẹ̀. Ẹni 200 ṣubú, ìṣẹ́jú kan ò pé tí wọ́n fi pẹ́ sí i.

Nǹkan tó yẹ kí oníṣòwò mú lọ sílé nìyí. Òwò tó lágbára ni èyí tí nǹkan lè bàjẹ́ nínú rẹ̀ láàárọ̀, tí kọ́sítọ́mà tó dé lọ́sàn-án ò sì ní í mọ̀. Ẹni tó bá ń retí òwò tí nǹkan kan ò ní í bàjẹ́ nínú rẹ̀ ń retí ohun tí owó Google pàápàá kò rí rà.

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ olówó nìyẹn, pé oníṣòwò tí kò rí owó ra jẹnẹrétọ̀ kan, níbo ni yóò ti rí ti mẹ́ta? Ìbéèrè náà bọ́gbọ́n mu, àmọ́ ìtàn Google fúnra rẹ̀ ló dáhùn ẹ̀. Ẹ̀rọ pọ́ọ́kú tó pọ̀ ni wọ́n fi rọ́pò ẹ̀rọ olówó ńlá tó jẹ́ ẹyọ kan. Télọ̀ tó fẹ́ gbé gbogbo owó tó ní lé ẹ̀rọ ìránṣọ ńlá kan ṣoṣo lè rò ó wò bóyá àlòkù méjì tí òun lè tún ṣe nítòsí kò ní í sàn jù, torí ọjọ́ tí ẹ̀rọ ńlá yẹn bá kọṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ ọdún, orí ìjókòó ló máa wà. Ohun tó sì wọ́n jù nínú òwò, ẹ̀dà rẹ̀ kì í gba owó púpọ̀. Kéèyàn fi fóònù ya àwòrán ìwé gbèsè lálaalẹ́, kó sì fi ránṣẹ́ sí ọkọ tàbí aya tàbí ọmọ tó ń gbé ilé míì, kò gba ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Kó má ṣe tọ́jú ìwé kejì sínú ṣọ́ọ̀bù kan náà o. Iná tó bá jó ìwé kìíní á jó èkejì, ìdí tí Google kì í fi í kó ẹ̀dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí pẹpẹ kan náà nìyẹn.

Kì í sì í ṣe gbogbo nǹkan ló nílò ẹ̀dà. Oníṣòwò tó bá fẹ́ ní méjì-méjì nínú ohun gbogbo á jẹ èrè rẹ̀ tán. Ìbéèrè tó yẹ kó bi ara rẹ̀ ni pé, kí ni nǹkan náà tó jẹ́ pé tó bá sọnù lónìí, ṣọ́ọ̀bù ò ní í ṣí lọ́la? Fún ẹlòmíràn, ẹni tó ń kó ọjà wá fún un láti òkè ọya ni. Fún ẹlòmíràn, nọ́ńbà fóònù àwọn kọ́sítọ́mà ni. Fún oníbúrẹ́dì, ó lè jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo tó mọ bí wọ́n ṣe ń po ìyẹ̀fun. Ibi yẹn ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Àtakò kejì ló le jù, àwọn oníṣòwò kì í sì í fẹ́ sọ ọ́ síta. Ìbẹ̀rù ni. Ọ̀gá ń bẹ̀rù pé tí òun bá jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ mọ ibi tí òun ti ń ra ọjà àti iye tí òun ń rà á, ọjọ́ kejì ni yóò lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù sí òdìkejì títì. Irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ dáadáa, ẹni tó bá ní kò ṣẹlẹ̀ rí kò tíì ṣòwò. Àmọ́ Google náà ò fọkàn tán ẹ̀rọ kankan. Wọ́n pín iṣẹ́ fún gbogbo wọn, wọ́n sì ń yẹ gbogbo wọn wò. Oníṣòwò lè jẹ́ kí ẹnì kan máa gba owó, kí ẹlòmíràn máa kọ ọjà tó jáde, kó sì máa fi méjèèjì wéra lálẹ́. Ó lè jẹ́ kí ẹnì kan mọ ibi tí wọ́n ti ń ra nǹkan kan, kí ẹlòmíràn mọ ti èkejì. Ẹni tó bá fi gbogbo àṣírí òwò sínú ara rẹ̀ nìkan kò tíì dáàbò bo òwò náà. Ńṣe ló so ẹ̀mí òwò náà mọ́ ẹ̀mí ara rẹ̀, ọjọ́ tí olóde bá sì sùn, ọmọ àti aya ò ní í mọ ibi tí wọ́n máa ti bẹ̀rẹ̀.

Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni ní Nàìjíríà tún máa rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀nà kan yìí jìnnà sí òun. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ owó náírà, owó bébà wọ́n bí ojú. Oníṣòwò tó jẹ́ pé owó bébà nìkan ló ń gbà, ọjà rẹ̀ dúró sójú kan. Ẹni tó ní báńkì kan ṣoṣo, tí báńkì náà ò sì lè fi owó ránṣẹ́ tàbí gbà á, òun náà dúró. Ẹni tó ní ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta láti gbowó ló rí nǹkan tà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ní ọjọ́ 14, oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun kọjá já lẹ́ẹ̀kan náà nítòsí Côte d'Ivoire, ìyẹn WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Iṣẹ́ àwọn báńkì kan dúró ní Nàìjíríà. Wáyà Equiano, tí Google fà láti Portugal, tó sì gúnlẹ̀ sí Èkó lóṣù kẹrin ọdún 2022, kò sí lára èyí tó já. Àwọn iléeṣẹ́ tó ti ní ọ̀nà méjì látilẹ̀ sáré yí iṣẹ́ wọn gba ibẹ̀. Àwọn tó ní ọ̀nà kan ń dúró de àwọn tó lọ ń tún wáyà ṣe lágbami.

Ohun kan tún wà nínú ìtàn Dean tí àwọn tó ń yìn ín kì í sọ dáadáa. Wọ́n máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé òun nìkan ló ṣe é. Lọ́dún 2007, àwọn òṣìṣẹ́ Google tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣàwàdà, wọ́n ń pa ìtàn pé kò sí ohun tí Jeff Dean ò lè ṣe. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni òun àti Ghemawat fi ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, tí ẹnì kan ń tẹ̀ ẹ́, tí èkejì ń wò ó, tó ń ní dúró ná, ìyẹn ò dáa. Ẹni tó bá ń wò ó lókèèrè lè ní ọ̀fọ̀ ni wọ́n ń ṣe, pé owó oṣù èèyàn méjì ló ń lọ sórí iṣẹ́ ẹnì kan. Àmọ́ àṣìṣe tí ojú kan ò rí, ojú kejì á rí i kó tó di ìjàǹbá. Àjọ ACM, tó jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà, mọ èyí, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àwọn méjèèjì ló jọ gba àmì ẹ̀yẹ rẹ̀ fún ọdún 2012. Oníṣòwò tó bá ní ẹnì kan tó lè sọ fún un pé ìṣírò yìí ò pé, kó má ṣe lé onítọ̀hún lọ.

Àwọn méjèèjì ò sì fi ọgbọ́n wọn pamọ́. Ìwé tí wọ́n kọ ni Doug Cutting àti Mike Cafarella kà tí wọ́n fi ṣe Hadoop, tí wọ́n sọ lórúkọ erin ìṣeré ọmọ Cutting, tí Yahoo, Facebook àtàwọn iléeṣẹ́ míì sì lò. Nígbà tí àsìkò MapReduce fúnra rẹ̀ tó láti kógbá, Google ò bò ó mọ́ra. Lọ́dún 2014 ni wọ́n sọ ọ́ ní gbangba pé àwọn ti rí èyí tó sàn jù ú lọ. Dean ti wà nídìí iṣẹ́ míì nígbà náà. Ìmọ̀ bí kọ̀ǹpútà ṣe lè máa kọ́ nǹkan bí ọpọlọ èèyàn, èyí tó fi ṣe iṣẹ́ àṣejáde rẹ̀ ní yunifásítì lọ́dún 1990, tí ẹ̀rọ ìgbà náà ò lágbára tó láti gbé, ló padà sídìí rẹ̀ ní Google lọ́dún 2011. Ọdún 2018 ló di olórí ẹ̀ka náà, nígbà tó sì di ọdún 2023, wọ́n fi ṣe àgbà onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fún Google DeepMind àti Google Research.

Nínú gbogbo rẹ̀, èyí tí oníṣòwò kékeré lè fi ṣe iṣẹ́ láti ọ̀la ni ìdánwò yẹn, ti àwọn 200 tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ pa. Kò dúró kí ìjàǹbá wá sọ fún wọn ibi tó ti kù díẹ̀. Oníṣòwò náà lè mú ọ̀sẹ̀ kan tí ọjà kì í yá, kó sọ fún àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù pé òun ń lọ, kó má sì gbé ìpè wọn. Kó padà dé, kó wo ohun tó dúró àti ohun tó ń lọ. Ohun tó bá dúró ni òwò rẹ̀ kò tíì ní ọ̀nà kejì sí. Ó sàn kó mọ̀ ọ́n ní ọ̀sẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ yàn, ju ọ̀sẹ̀ tí àìsàn tàbí ikú máa bá a yàn lọ.